Lẹ́tà sí Bàbá láti Washington

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

 

Lórí fóònù lọ́jọ́sí, ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé sọ́ọ̀ṣì àwọn olówó ni mo ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lóòótọ́, kàtídírà ńlá tó wà níbí kì í ṣe kékeré. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, láti 1907 títí di 1990. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò ìjọ mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Áńgílíkà bíi tiwa ni wọ́n, Episcopal ni wọ́n ń pe ara wọn. Àlùfáà tó ń ṣe àkóso kàtídírà, tí wọ́n ń pè ní Provost lọ́dọ̀ wa, dean ni tiwọn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: Francis Sayre. Inú White House gan-an ni wọ́n bí i sí ní 1915, torí Ààrẹ Woodrow Wilson ni bàbá ìyá rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Wilson yìí ni wọ́n ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn funfun nínú ọ́fíìsì ìjọba. Inú kàtídírà yìí náà ni wọ́n sin ín sí.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ wá jẹ dean níbẹ̀ láti 1951 títí di 1978. Nígbà tí ẹ̀rù Sẹ́nétọ̀ McCarthy, tó ń fẹ̀sùn Kọ́múnísíìtì kan àwọn ènìyàn, ń ba gbogbo ènìyàn, Sayre bá a wí láti orí àga ìwàásù. Ní 1965, ó wà lára àwọn tó bá Martin Luther King rìn láti Selma, kí àwọn dúdú lè rí ìbò dì. Òun ló tún pe King wá wàásù ní 31 March 1968. Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi tí King ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Ní 4 April ni wọ́n yìnbọn pa á.

Bàbá, mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Wilson, mo rìn lọ síbi àga ìwàásù náà. Òkúta láti Canterbury ni, wọ́n sì gbẹ́ àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i lára. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wa, tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ló wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé ọwọ́ lé òkúta náà. Ó tutù. Mi ò tètè gbé ọwọ́ mi kúrò.

Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ kí àwọn ará ilé lè fi hàn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Adébáyọ̀