Òrùlé Ìpẹ́ Ẹja ní Mason's Bend

Ní Hale County, ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí odò Black Warrior ti ṣẹ́rí, abúlé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Mason's Bend. Ilẹ̀ pupa ni. Ìdílé aláwọ̀ dúdú díẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Láàárín àwọn ilé wọn ni ohun kan ti ń kọ mànà láàárín igi: kò ga, kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ò lè fò ó.

Gíláàsì ni, gíláàsì iwájú ọkọ̀ Chevrolet Caprice, bíi 80. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ díẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ bu omi mu, etí rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé tó rọra hàn bí omi odò inú igbó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló dì wọ́n mú, tòkè gun tìsàlẹ̀ lẹ́yìn, bí ìpẹ́ ti í bo ara ẹja, kí òjò lè máa yọ̀ láti orí èyí bọ́ sórí èkejì títí yóò fi kanlẹ̀. Bí ìkùukùu bá ń kọjá lójú ọ̀run, ó ń kọjá lára gíláàsì náà pẹ̀lú, ní ègé ègé: ègé funfun, ègé aró, ẹ̀ka igi kan tó ṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Tí òjò bá dé, ohùn méjì ló ń jáde lórí òrùlé kan ṣoṣo, ta-ta-ta jẹ́jẹ́ lórí gíláàsì, pàràpàrà lórí páànù álúmíníọ̀mù tó bo ìyókù.

Ògiri rẹ̀ kúrú, ó nípọn, kò sì dán rárá. Erùpẹ̀ ni wọ́n pò, amọ̀ àti yanrìn pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀, wọ́n dà á sáàárín pákó, wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ títí ó fi le gbagidi, kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Nígbà tí wọ́n tú pákó, ìpele kọ̀ọ̀kan fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kan pupa bí osùn, èkejì pupa rẹ́súrẹ́sú, òkúta wẹ́wẹ́ há sínú wọn bí ìrù nínú ọbẹ̀. Nílé tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń po amọ̀ ilé, omi la sì fi ń rọ̀ ọ́. Tiwọn ò rí omi tó bẹ́ẹ̀. Gbígbá lemọ́lemọ́ ló mú un le.

Nínú, kò sí ìlẹ̀kùn tí ń dínà atẹ́gùn. Igi cypress ló gbé òrùlé dúró, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin. Oòrùn ń gba inú gíláàsì wọlé, òjìji irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bí òwú tí wọ́n ta sórí òfì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló kọ́ ọ, ní 2000, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ wọn ní Rural Studio, ètò ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ tí Samuel Mockbee àti D. K. Ruth dá sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Auburn ní 1993. Ọ̀kan nínú wọn ló lọ ra gíláàsì náà níbi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ àlòkù jọ sí ní Chicago, ní 120 dọ́là. Wọ́n kọ́ ọ láti jẹ́ ilé àdúrà àti ibi ìpàdé. Ọwọ́ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni abúlé hàn nínú gbogbo ìdè irin ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́ nílé níbí, àwọn gíláàsì irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì wa, amọ̀ pupa sì wà lẹ́yìnkùlé yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án.