Ìwé Ìdágbére

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí ó ti wù kí eré dùn tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olúkúlùkù yóò gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í yé akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa títí di ọ̀sẹ̀ tí yóò kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà náà ni ẹni tí ó ti ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà nítorí ìjókòó láti ọdún mẹ́fà wá yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun ìrántí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lóde òní, ara aṣọ funfun ni àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò máa ń kọ orúkọ ara wọn sí, títí ẹ̀wù wọn yóò fi dàbí ògiri ọjà tí àwọn olóṣèlú lẹ ìwé mọ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Abẹ́òkúta, olùkọ́ èdè Yorùbá kò fẹ́ràn àṣà yìí. Ó ní ẹ̀wù a máa gbó, ọṣẹ a sì máa fọ orúkọ dànù, ṣùgbọ́n ìwé a máa pẹ́. Nítorí náà ó ní kí kíláàsì tí ń jáde lọ ṣe ìwé ìdágbére kan, kí a ṣe àpèjúwe olúkúlùkù nínú rẹ̀ ní gbólóhùn díẹ̀, kí ó jẹ́ òótọ́, kí ó sì pa ni lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ akọ̀wé kíláàsì, ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà ní Òkè-Ìléwó, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ tuntun.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi kọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ti kúrò ní Òkè-Ìléwó, tí ariwo ọkọ̀ sì ti rọlẹ̀ díẹ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún un. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé ni ẹni tí ó máa ń dé kẹ́yìn. Láti ojú fèrèsé kíláàsì ni a ti ń rí òrùlé ilé wọn, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí nǹkan kan kì í dí i lọ́nà. Láàárín ọdún kan ó sin bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà yìí kan náà ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹnìkejì ni ọmọbìnrin tí imú rẹ̀ gbọ́n ju orí rẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ bá bèèrè ibi tí odò Ògùn ti ṣẹ̀ wá, àjà ilé ni yóò máa wò. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, yóò sọ fún ọ bóyá epo ọbẹ̀ tí oníresì Ọ̀fàdà ń sè ní ẹ̀yìn ọgbà ti jiná. Òun náà ni ó gbé oúnjẹ lọ fún gbogbo ẹni tí àìsàn dá dúró sílé nínú kíláàsì yẹn.

Ẹnìkẹta ni ayáni-ní-kálàmù. Láti ọdún kìíní kò ní kálàmù tirẹ̀ rí. Ó yá rúlà, ó yá ìwé, ó yá ìbọ̀sẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje eré ìje. Ìmọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ nìkan ni kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí òun ni ó máa ń gba ipò kìíní.

Ẹnìkẹrin ni ọ̀gá agogo. Agogo ìwọlé, a máa lù ú bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tí ń sùn. Agogo ìparí ẹ̀kọ́, a máa lù ú bí ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, kì í sì í fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Bí Olúmọ bá ń wó lulẹ̀ lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ lu agogo ná kí ó tó sá.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kan ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ akólòlò. Akọ̀wé rò pé ibẹ̀ gan-an ni òun ti mọ̀wé kọ jù lọ. Ó kà á pé: "Bí o bá bi í ní ìbéèrè ní òwúrọ̀, ìdáhùn yóò dé ní ọ̀sán. Kí ó má ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò o, nítorí kí ó tó kí adájọ́ tán, ẹni tí ó ń gbèjà yóò ti ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, yóò sì ti padà sílé."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ẹni tí ó máa ń pẹ́ dé yẹn, bí ó bá ka tirẹ̀, kí ni yóò ṣe?"

"Yóò rẹ́rìn-ín, Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ ìtàn ìsìnkú náà fún wa."

"Akólòlò yìí ńkọ́?"

Ọmọ náà kò lè dáhùn.

Bàbá ní, "Ẹni àkọ́kọ́ lè jí ní kùtùkùtù lọ́la bí ó bá fẹ́. Ẹnìkẹta lè ra kálàmù. Kí ni o fẹ́ kí èyí ṣe sí ahọ́n rẹ̀? O tún ti sọ ohun tí kò ní lè dà láyé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwọ ni o bá a yan orí. Ta ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré tí ó wà ní Kútọ̀ lọ́hùn-ún?"

"M.K.O. Abíọ́lá ni, Bàbá."

"Akólòlò ni."

Ó wá sọ ìtàn náà fún un. Ní ọdún 1937 ni a bí Moshood Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kò kú ní kékeré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmáawòó, èyí ni pé kí a ṣì máa wò ó bóyá yóò dúró. Ó dúró. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń jí wọ inú igbó lọ ṣẹ́ igi tà kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó ẹgbẹ́ olórin jọ, wọ́n ń ṣeré níbi ìnáwó, oúnjẹ lásán sì ni owó iṣẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Baptist Boys' High School, tí a dá sílẹ̀ ní 1923, wọ́n sì fi í ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ń jẹ́ The Trumpeter, èyí ni afùnpè. Igbákejì rẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ìbógun-Ọláogun, tí ó yá owó kí ó tó lè san owó ìdánwò àṣejáde. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni orúkọ tirẹ̀.

"Wọ́n jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, Bàbá?"

"Wọ́n jọ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ìwé ìdágbére nígbà náà, ta ni ì bá kọ ọ́ pé ayáwó-ṣèdánwò yóò ṣe olórí Nàìjíríà láti 1976 dé 1979, yóò sì tún ṣe é láti 1999 dé 2007? Ta ni ì bá sì kọ ọ́ pé akólòlò yóò bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ débi pé wọn yóò dìbò fún un ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 1993?"

Kò fi èyí tí ó korò pamọ́ fún un. Ìjọba ológun fagi lé ìbò náà. Wọ́n ti Abíọ́lá mọ́lé ní 1994, ó sì kú ní àhámọ́ ní ọjọ́ 7, oṣù keje, 1998. Olóòtú àti igbákejì rẹ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan títí lọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ṣùgbọ́n ní 2018 ìjọba kéde pé ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ni a ó máa ṣe àyájọ́ ìjọba tiwantiwa.

Bàbá ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe 'bàbá'. Ẹ̀yin ni ẹ kì í dúró gbọ́."

Akọ̀wé fa ewé ìwé náà ya. Nígbà tí ó gbé kálàmù láti kọ òmíràn, ó rí i pé kò sí ohun tí òun mọ̀ nípa ọmọkùnrin náà yàtọ̀ sí ahọ́n rẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà, kò tíì dúró gbọ́ gbólóhùn rẹ̀ kan dé òpin rí. Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá a ní ìdí tábìlì rẹ̀, ó bi í ní iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe, ó sì dúró.

Alárò ni ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú. Ọmọ náà ṣàlàyé bí a ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi láfún ṣe. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Ó ní a ó rẹ aṣọ náà sínú aró, a ó yọ ọ́, a ó tún rẹ ẹ́, àti pé ẹni tí ó bá kánjú kò ní rí dúdú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó ṣòfò.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, olùkọ́ ní kí olúkúlùkù dìde ka tirẹ̀. Wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́. Kò tíì dé. Nígbà tí ó kan akólòlò, akọ̀wé ní òun yóò bá a kà á. Ọmọ náà mi orí, ó sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí: "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàbí àdìrẹ Ìtòkú, a máa pẹ́ nínú aró, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, kì í ṣá. Ẹni tí ebi bá ń pa kí ó má bi í ní ìbéèrè nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá kù díẹ̀."

Ó ń kà á lọ, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Àkókò ìparí ẹ̀kọ́ tó. Ọ̀gá agogo dìde bí ìṣe rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè láti lu agogo. Ó wo ẹ̀yìn. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, èkejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá, ẹnikẹ́ni kò mira. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì sì gbà á. Ìgbà náà ni ọ̀gá agogo tó lu agogo, ó sì lù ú bí ẹni tí iná jó ilé rẹ̀.

Ní ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn ìwé náà, lábẹ́ orúkọ gbogbo wọn, akọ̀wé kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: Kí a ṣì máa wò ó.