Ìdí Kóńgò

Àwọn ará Èkó a máa wí pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí ó dà bí ẹni pé gbogbo ọjà náà ló ń wò mí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi àti ìyá mi a rìn láti ilé wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta lọ sí Ọ̀yìngbò. Èmi a gbé apẹ̀rẹ̀, òun a máa ná ọjà, èmi a sì máa ṣírò owó sínú. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ibà dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ó ka owó oúnjẹ wa tó kù sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ ra kóńgò gààrí mẹ́rin wá.

Mo ná gààrí náà bí mo ti máa ń rí i tí ìyá mi ń ná an. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Inú mi dùn dé góńgó. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí ìyá mi fi kóńgò tiwa wọ̀n ọ́n wò, mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Mo bú sẹ́kún.

Mo rò pé yóò nà mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dìde tòun ti ibà lára, ó fà mí lọ́wọ́, a padà sọ́jà. Kò bá ọlọ́jà jà. Ó kí i, ó gbé kóńgò rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Wọ́n ti lù ú wọnú! Ọlọ́jà kò fọhùn. Ó bu gààrí kún tiwa, ó sì fi èènì lé e.

"O mọ ọjà ná," ni ìyá mi wí lójú ọ̀nà, "ṣùgbọ́n o kò wo ìdí kóńgò."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni bá dùn jù létí mi, ìdí kóńgò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Ọ̀yìngbò ti yí padà. Ọkọ̀ ojú irin Èkó tí wọ́n ṣí ní 2024 ń dúró níbẹ̀, àwọn òbí mìíràn a sì máa fi ọmọ sílé kí wọ́n lè tètè rajà tán. Èmi ń mú ọmọbìnrin mi dání. Ní Sátidé tó kọjá, kí ó tó ná ohunkóhun, ó kí ọlọ́jà, ó sì dojú kóńgò délẹ̀. Ọlọ́jà bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá àgbà ni," ni ó dáhùn.

Ìyá mi ti kú kí a tó bí i.