Ta ló pe ọkọ̀ Bloodhound wá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá gan-an ni mò ń bá wí.

Ẹ ti gbọ́ nípa Ogun Àgídìngbì, àbí? Ìgbà tí Òyìnbó yìnbọn lu Èkó lóṣù Kejìlá 1851. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ń du oyè, Òyìnbó wá dá sí i, ó tán. Àwa Ẹ̀gbá ńkọ́? Ṣé a kàn jókòó sábẹ́ Olúmọ là ń wòran ni? Rárá o.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni HMS Bloodhound. Robert Napier ló kàn án ní Scotland, 1845 ló wọ omi. Irin ni gbogbo ara ẹ̀, nígbà tí pákó ṣì ni wọ́n fi ń kan ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun. (Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n tún fi irin tó nípọn bò kí ọta má baà wọlé o. Ìyẹn ò tíì dé.) Ẹ́ńjìnnì ló ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó wúlò ni pé kò rì jìn sínú omi. Ọkọ̀ ńlá bíi Penelope ò lè gba ẹnu ọ̀sà Èkó kọjá, iyanrìn á gbé e. Bloodhound lè wọlé.

Ta ló wá bẹ̀ ẹ́ wá? Ní 1848, Ṣágbùà àtàwọn olóyè Ẹ̀gbá fi lẹ́tà rán Townsend, àlùfáà CMS, sí Ọbabìnrin Victoria. Ọ̀nà Èkó ni wọ́n fẹ́ kó bá wọn ṣí. Ẹ wo máàpù: odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ọ̀sà Èkó ló ń ṣàn lọ. Ẹni tó bá di Èkó mú, ọrùn wa ló dì mú yẹn. Epo wa ò ní jáde, ìbọn ò ní wọlé. Akítóyè pàápàá, nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé e ní 1845, Abẹ́òkúta ló sá wá. Lóṣù Kẹta 1851, Dahomey gbógun dé ẹnu odi wa. Ọdún yẹn náà ni Àjàyí Crowther lọ rí Palmerston àti Victoria ní London, ó ro ẹjọ́ wa fún wọn.

25 oṣù Kọkànlá, Bloodhound gbé àsíá funfun wọ ọ̀sà. Ìbọn ni Kòsọ́kọ́ fi dá a lóhùn, wọ́n padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kejì Kérésì, òun àti Teazer tún dé, iyanrìn sì gbé àwọn méjèèjì! Àwọn ọmọ Èkó yẹn mọ ogun í jà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì dáná sí ilé tí ẹ̀tù ìbọn wà, iná bá ràn káàkiri. Kòsọ́kọ́ sá lọ. 1 oṣù Kìn-ín-ní 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé lórí Penelope pé òwò ẹrú ti parí. (Tinúbú tiwa náà ta ẹrú, alátìlẹyìn Akítóyè sì ni. Ẹ má bínú sí mi.)

Ọ̀nà wá ṣí lóòótọ́. Àmọ́ ní 1861, ọkọ̀ ogun mìíràn, Prometheus, dúró sí Èkó títí Dòsùnmú fi tọwọ́ bọ̀wé tó gbé ìlú lé wọn lọ́wọ́. Ní 1865, àwa Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Glover rán ọmọ ogun láti Èkó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n yìn, àwa ni wọ́n yìn ín fún lọ́tẹ̀ yìí.

1866 ni wọ́n tú Bloodhound palẹ̀. 1867 ni Ìfọ́lé, tá a lé àwọn Òyìnbó kúrò l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ wá sọ fún mi: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Ṣágbùà ní 1848, tí Dahomey wà lẹ́yìn yín, tí Kòsọ́kọ́ dí ọ̀nà omi, ṣé ẹ ò ní kọ lẹ́tà yẹn? Èmi máa kọ ọ́ o.