Ibi Tí Omi Ìkẹjà Ń Lọ

Ará Ìkẹjà tàbí Agége lè rò pé ọ̀rọ̀ òkun kò kan òun. Ó kàn án. Odò Ìyá Aláró gba àárín àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Orégùn kọjá sínú ọ̀sà. Ọ̀sà sì ń tú sínú òkun, níbi tí ìṣàn Gíní ti sábà máa ń gbá omi lọ síhà ìlà-oòrùn.

Rédà etíkun a máa rán ìgbì rédíò sójú omi; bí ìgbì náà ṣe yí padà nígbà tó bá dé ni a fi ń mọ bí omi ṣe ń yára tó. Rédà méjì ni í fi ibi tó dorí kọ hàn. Kọ̀ǹpútà a wá ro afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, a sì ṣírò ibi tí ìdọ̀tí yóò gúnlẹ̀ sí.

Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Lójú tèmi, àwa tí a da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ ló yẹ kó máa wo iwájú.