Oríkì Mi Kì Í Ṣe Fún Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Nìkan

Àríkẹ́ ni ìyá mi àgbà máa ń pè mí. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, "Àríkẹ́, ṣé o jíire?" N kì í ronú sí i rárá.

Nílé-ẹ̀kọ́ girama, mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún karùn-ún, a bá ilé-ìwé mìíràn figagbága. Àmì ayò kan ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Ó ku díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, wọ́n ní kí n ju bọ́ọ̀lù méjì láìsí ẹni tí yóò dí mi lọ́wọ́. Mo sọ méjèèjì nù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti bàtà mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sì padà sórí pápá mọ́.

Ní 2018, ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò hàn mí lórí fóònù. Arike Ogunbowale, tí wọ́n bí sí Milwaukee, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ń gbá fún Yunifásítì Notre Dame. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ló kù nínú àfikún àkókò nígbà tí ó ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi na UConn, 91 sí 89. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ju òmíràn wọlé nígbà tí fèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, wọ́n sì gba ife mọ́ Mississippi State lọ́wọ́, 61 sí 58.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ta ni kì í fẹ́ràn ẹni tó ń borí?

Ti 2019 ló mú mi lọ́kàn. Wọ́n tún dé àṣekágbá, wọ́n kojú Baylor. Arike gbá 31 wọlé lápapọ̀ nínú eré náà. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 1.9, 82 sí 80, wọ́n ní kí ó ju méjì. Ó sọ àkọ́kọ́ nù. 82 sí 81 ni wọ́n fi pàdánù. Mo pa fóònù mi dé. Ó dà bíi pé ara mi ni mò ń wò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni í wò. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Dallas Wings yàn án, òun ni ẹnì karùn-ún tí wọ́n mú sínú WNBA lọ́dún náà. Ní 2020, kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé tó o nínú líìgì náà. Nínú eré All-Star ti 2024, ó gbá 34 wọlé, gbogbo rẹ̀ ní ìdajì kejì. Òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti ṣe ní 2021.

Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá àgbà, mo sì sọ tèmi mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí Àríkẹ́ jẹ́?"

"Ẹni tí a rí, tí a kẹ́, mà."

"Ẹni tí a rí ni. Ṣé o gbọ́ ìborí níbẹ̀?"

Lónìí, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ní eré náà. Bí ọ̀kan bá sọ bọ́ọ̀lù nù, oríkì rẹ̀ ni mo fi ń pè é, kí n tó ju bọ́ọ̀lù náà padà sí i.