Ta Ló Ń Sọ Pé Iṣẹ́ Ti Parí?

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ọjọ́ gan-an tí Nàìjíríà pé 30 ọdún tó gbòmìnira, ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ Go! Discs gbé àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan jáde. The La's ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, orúkọ yìí náà ni wọ́n sì fún àwo. Orin 12 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 lọ. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin yìn ín. Àwọn tó rà á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń sọ fún gbogbo oníròyìn tó bá gbé máìkì sí i lẹ́nu pé òun kórìíra rẹ̀ ni Lee Mavers, ẹni tó kọ orin méjèèjìlá, tó sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ wọ́n.

Ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, There She Goes. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Sixpence None the Richer tún un kọ ní ìparí àwọn ọdún 1990, rédíò wa sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ títí a fi há a sórí láìmọ ẹni tó ni ín. Ìgbà tí mo ń kàwé fún dìgírì kejì ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi ti àwọn tó ni ín gan-an hàn mí. Láti ìgbà náà, mo lè ti gbọ́ àwo náà ní ìgbà 200. (Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ló kan ọmọ Yorùbá kan orin rọ́ọ̀kì, kí ó lọ wá àwo Ofege. Ọmọ ilé-ìwé gíga ni wọ́n ní St. Gregory's College ní Èkó nígbà tí EMI gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1973. Ọ̀rọ̀ gìtá oníná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa rárá.)

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Mavers kò ju ìtàn aṣiwèrè lọ. Wọ́n ní ó kọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀ ní sítúdíò kan, ó ní eruku ayé àwọn ọdún 1960 kò sí lára rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá lọ. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Liverpool ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1983. Mike Badger ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Mavers dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, kò sì pẹ́ tó fi di pé orin Mavers ló ń gbé ẹgbẹ́ náà ró. Nígbà tí Badger kúrò ní ìparí 1986, ó ku Mavers àti John Power, ẹni tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Onílù àti onígìtá kejì ń yí padà bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, títí ó fi wá kan Neil, ọmọ ìyá Mavers, láti jókòó sídìí ìlù. Go! Discs bá wọn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1987. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni. Billy Bragg àti The Housemartins ni àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Wọn kì í ṣe olówó tí yóò máa fi owó ṣòfò kí ọkàn rẹ̀ má mì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ sítúdíò kan, wọ́n gba orin sílẹ̀, Mavers gbọ́ ọ, ó ní kì í ṣe òun nìyí. Wọ́n wọ òmíràn. John Porter, ẹni tó ṣe àwo àkọ́kọ́ The Smiths, gbìyànjú. John Leckie, ẹni tó ṣe àwo àkọ́kọ́ The Stone Roses, gbìyànjú. Bob Andrews, Jeremy Allom, Mike Hedges, gbogbo wọn fọwọ́ kàn án. Àwọn yìí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ bá kó irú èèyàn márùn-ún bẹ́ẹ̀ jọ tí iṣẹ́ kò sì tíì parí, ó yẹ ká béèrè ohun tí ọkùnrin yìí ń gbọ́ tí àwọn yòókù kò gbọ́.

Ohun tí mo rò pé ó ń gbọ́ nìyí. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń ta gìtá tí wọ́n sì ń lù nínú yàrá kan, ohùn wọn máa ń wọnú ara wọn. Ìlù á wọ inú máìkì ẹni tó ń kọrin, gìtá á máa gbọ̀n lára ògiri, gbogbo rẹ̀ á sì jọ mí èémí kan náà. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ sítúdíò ni pé wọ́n á ya ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: ìlù lónìí, gìtá lọ́la, ẹnu ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á wá nù ún kí ó dán, wọ́n á sì tò ó papọ̀ bí ẹni to bíríkì. Ilé tí wọ́n bá kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dúró, ó sì lè rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orin rẹ̀ nínú yàrá, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká, á gbọ́ ọ padà láti inú téèpù, á sì rí i pé ara rẹ̀ ti tutù. Kí ni kí ó pe ohun tó sọ nù? Kò sí orúkọ fún un. Ó ṣeé ṣe kí eruku jẹ́ orúkọ tó rí fún un lọ́jọ́ náà.

Ní ìparí 1989, wọ́n pe Steve Lillywhite, ẹni tó ṣe àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ U2. Wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní Eden Studios ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wọ inú ọdún 1990. Inú Mavers kò dùn sí i, ni ẹgbẹ́ olórin bá dìde kúrò nídìí iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ wo owó tó ti wọlẹ̀, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Lillywhite jókòó ti àwọn téèpù tó wà nílẹ̀, ó to àwo pọ̀ láìsí àwọn tó ni orin níbẹ̀. Èyí tó dun Mavers jù, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ni pé àwọn ohùn kan wà nínú rẹ̀ tí òun kàn kọ láti fi tọ́ onílù àti onígìtá sọ́nà, èyí tí òun fẹ́ padà wá kọ dáadáa. Ẹ fojú inú wò ó: ohùn tí o fi ń júwe ọ̀nà fún ọ̀rẹ́ rẹ, òun ni wọ́n gbé fún gbogbo ayé.

Ọjà náà sì tà. There She Goes, tí kò kọjá ipò 59 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1988, dé ipò 13 nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde ní 1990. Àwo fúnra rẹ̀ dé ipò 30.

N kì í ṣe olórin. Ohun tó so mí mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2019. Àjọ kan gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n lọ bá àwọn ìyá aláró ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀, kí n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, kí àwọn fi ṣe ìwé kékeré. Oṣù méje ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀ ní Ìtòkú. Mo kọ́ pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń mú jáde. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Wọ́n á tún rì í padà, wọ́n á tún yọ ọ́. Mo bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni. Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọdé.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní 70 ọdún. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń rákò, iṣẹ́ aró ló fi tọ́ ọmọ márààrún. Ó sọ gbólóhùn kan fún mi tí mo fi ṣe orí ìtàn rẹ̀: “Aró ni ọkọ mi.”

Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mo sì sọ fún àjọ náà pé mo fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i láti yẹ àmì ohùn wò nínú ìwé tí wọ́n ti tò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ọjọ́ ìkójáde, wọ́n ti pe àlejò pàtàkì, wọ́n ti dá aṣọ ẹgbẹ́. Wọ́n tẹ ìwé náà láìpè mí. Irú lẹ́tà tí wọ́n fi tò ó kò gba àmì, gbogbo rẹ̀ sì já bọ́, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ ìkójáde kún fọ́fọ́. Wọ́n yìn mí, wọ́n bá mi ya fọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìwé náà mú omi bọ́ lójú òun.

Ìyá gba ẹ̀dà tirẹ̀, ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí. Ọmọ náà wo “Aro ni oko mi”, ó sì kà á bó ṣe yé e: “Arọ ni ọkọ mi.”

Nígbà tí mo padà lọ kí i, ó ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni mo sọ fún ọ pé ọkọ mi yarọ?”

Mo ní, “Màmá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni.”

Ó ní, “Orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀.”

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ Mavers lọ́nà mìíràn. Orúkọ Go! Discs wà lẹ́yìn páálí àwo náà ní lẹ́tà kéékèèké, ṣùgbọ́n ohùn Mavers ni gbogbo èèyàn ń gbọ́, òun ni wọ́n ń dájọ́ fún. Owó ló fún ilé-iṣẹ́ ní agbára lórí téèpù. Ìwé àdéhùn sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá ìwé àdéhùn jà. Ṣùgbọ́n ta ló fún wọn láṣẹ láti sọ ní orúkọ ẹlòmíràn pé “mo ti parí”? Ìyìn kò sì tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ń yìn fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ kò lè kọ ìyìn kí wọ́n má pè é ní agbéraga, kò sì lè gbà á kí ó má di onírọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olóòtú ìwé, tó sì ti jìyà lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé bíi tèmi, máa ń takò mí níbí yìí. Ó ní kí n ka ọdún. John Power kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 1991, ó dá ẹgbẹ́ Cast sílẹ̀, àwo àkọ́kọ́ wọn sì jáde ní 1995. Mavers ńkọ́? The La's tún jọ gun orí ìtàgé ní 2005, ṣùgbọ́n àwo kejì kò jáde títí di òní. Ọ̀rẹ́ mi ní bí Go! Discs bá dúró dè é, à bá ṣì máa dúró báyìí, kò sì ní sí àwo tí èmi fi ń yangàn pé mo ti gbọ́ ní ìgbà 200. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Ìdùnnú tí mo ń rí nínú àwo yẹn, ara ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni mo ti ń rí i.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀rẹ́ mi kì í kà. Ní 2008, wọ́n tún àwo náà gbé jáde, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ pẹ̀lú Mike Hedges kún un. Mo gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra lóru ọjọ́ kan tí iná kò lọ, ohun ìyanu ní àdúgbò wa. Ní etí tèmi, ti Hedges sún mọ́ni ju ti Lillywhite lọ; ó dà bí ẹni pé ìlù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Mavers kọ èyí náà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n rí i pé àwo tó wà lọ́jà ní 1990 kò dá wà. Ọ̀kan ni láàárín ọ̀pọ̀, ẹni tó sì yàn án kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́.

Àjọ yẹn kọ̀wé sí mi ní oṣù tó kọjá. Àwọn olùkọ́ kan ń béèrè ìwé aláró náà fún ilé-ìwé, wọ́n sì fẹ́ tún un tẹ̀, ẹ̀dà 3,000. Wọ́n ní àwọn ó san owó díẹ̀ fún mi bí mo bá lè bá wọn “fi àmì sí i” láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwé àdéhùn tí mo tọwọ́ bọ̀ sọ pé àwọn ló ni ìwé, nítorí náà wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ láìsí mi. Mo fèsì pé mo fẹ́ oṣù méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ewé kankan kò ní dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé títí n ó fi buwọ́ lù ú. Bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò.

Wọn kò tíì dáhùn. Mo ti tẹ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ Ìyá wà jáde ní ilé oníkọ̀ǹpútà tó wà ní òpópónà wa, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, mo sì ti fi rán awakọ̀ kan sí Ìtòkú.